Téèpù Lẹ Fi Wọ̀n Ọ́n, Sọ́fúwià Wo Ni Yóò Yà Á?

Ẹ ti fi téèpù wọn ilẹ̀ tàbí agboolé, ẹ wá fẹ́ kí sọ́fúwià fi ìwọ̀n náà ya àwòrán rẹ̀. Ká tó dárúkọ sọ́fúwià kankan, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n sí, kí ẹ ka nǹkan méjì: iye àmì (èèkàn, igun ilé, kànga) tí ẹ fẹ́ gbé kalẹ̀, àti iye ìwọ̀n téèpù tó so àwọn àmì náà pọ̀. Ẹ fi 2 sọ iye àmì di púpọ̀, kí ẹ yọ 3 kúrò níbẹ̀. Iye ìwọ̀n tó kéré jù tó lè mú àwòrán yín dúró láìmì nìyẹn. Àmì 4 ń fẹ́ ìwọ̀n 5. Àmì 10 ń fẹ́ 17. Àmì 25 ń fẹ́ 47. Bí tiyín bá dín sí iye yìí, kò sí sọ́fúwià, ìbáà ṣe olówó gọbọi tàbí ọ̀fẹ́, tó lè gbà yín. Ẹ gbé téèpù padà sórí ilẹ̀. Bó bá ṣe rẹ́gí, ẹ óò rí àwòrán, ṣùgbọ́n ẹ ò ní mọ̀ bóyá irọ́ ló ń pa. Bó bá lé, ìyẹn gan-an là ń wá.

Kíkà nìkan ò sì tó. Ìwọ̀n 17 lè wà lórí àmì 10, kí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ṣù jọ sí igun kan. Igun yẹn á le koko, igun kejì á máa fì bí ilẹ̀kùn tí kò ní ìkọ́. Àmì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìwọ̀n méjì, ó kéré tán, tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mẹ́ta ló dáa. Mẹ́rin ló ń fọkàn ẹni balẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ń ya àwòrán tó rẹwà. Gbogbo wọn ló ń yàwòrán. Ohun tó yẹ kí ẹ bi sọ́fúwià ni pé: ṣé o máa jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí mo bá ṣi téèpù kà?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ní Ilé-Ifẹ̀ ò kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ awalẹ̀pìtàn wà tó ní ilẹ̀ àpáàdì láti yà, irú èyí tó wà ní Ìta Yemòó níbi tí Frank Willett ti walẹ̀ ní 1957, tí àwọn àgbà Ifẹ̀ sì ń sọ pé Ọọ̀ni Lúwo ló ní kí wọ́n máa tẹ́ irú rẹ̀. Bíríkìlà wà tó fẹ́ mọ bí ilé àtijọ́ ṣe jókòó kó tó fa ìpìlẹ̀ tuntun mọ́ ọn lára. Ẹbí wà tó fẹ́ kí ibi tí kànga, sàréè àti igi obì bàbá wọn wà nínú agboolé hàn lórí ìwé. GPS inú fóònù ò lè ṣe é. Ní gbangba, lábẹ́ òfuurufú tó ṣí sílẹ̀, ó máa ń fi nǹkan bíi mítà 5 ṣì. Nínú agboolé tí páànù bo ọ̀tún bo òsì, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mítà 5 tó láti gbé kànga wọ yàrá ìyá àgbà. Ẹ̀rọ total station tí àwọn sọ́féyọ̀ ń lò péye, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ, kò sì rọrùn láti gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró. Téèpù mítà 30 wà ní ọjà. Àwọn awalẹ̀pìtàn abẹ́ omi ti fi irú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ńlá: ọ̀nà téèpù yìí ni wọ́n fi wọn ọkọ̀ ogun Mary Rose ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n gbé jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní 1982.

Ká má tan ara wa o: àwòrán tí ẹ bá fi ọ̀nà yìí yà kì í ṣe ìwé sọ́fè. Ìwé sọ́fè tó ṣeé gbé lọ síwájú ìjọba tàbí ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ sọ́féyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SURCON, ìgbìmọ̀ àwọn sọ́féyọ̀ ní Nàìjíríà, wá. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ àpáàdì tàbí ojúbọ lẹ fẹ́ wọ̀n, wíwọ̀n kì í ṣe wíwalẹ̀, síbẹ̀ ẹ gbàyè lọ́dọ̀ àwọn tó ni ibẹ̀ àti iléeṣẹ́ mùsíọ́mù kí ẹ tó kan èèkàn kankan mọ́lẹ̀.

Excel ni àkọ́kọ́, kódà bí ẹ bá máa lo òmíràn

Excel tàbí LibreOffice Calc ló yẹ kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Calc ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó fi pamọ́: ẹ rí ìwọ̀n, ẹ rí fọ́múlà, ẹ rí ibi tí nǹkan ti wọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ kan tí èèkàn mẹ́rin wà ní igun rẹ̀. Èèkàn 1 àti 2 wà lójú títì. 3 wà lẹ́yìn 2, 4 wà lẹ́yìn 1. Ohun tí téèpù sọ nìyí, ní mítà:

1 sí 2: 18.30
1 sí 3: 40.93
2 sí 3: 36.21
1 sí 4: 36.70
2 sí 4: 40.74
3 sí 4: 18.52

Àmì mẹ́rin ń fẹ́ ìwọ̀n márùn-ún. Mẹ́fà la mú. A ò ní fi ìkẹfà, ìyẹn 3 sí 4, ya nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí ni.

Èèkàn 1 la fi ṣe òdo, a wá tẹ́ ìlà tó lọ sí èèkàn 2 gbalaja lé x. Nínú àpótí B1, ẹ kọ 18.30. Ní ìlà kẹta, ẹ kọ orúkọ èèkàn 3 sí A3, ìwọ̀n rẹ̀ láti èèkàn 1 sí B3, ìwọ̀n rẹ̀ láti èèkàn 2 sí C3, kí ẹ sì kọ 1 sí D3. Lẹ́yìn náà, E3 ni x, F3 ni y:

E3: =(B3^2-C3^2+$B$1^2)/(2*$B$1)
F3: =D3*SQRT(B3^2-E3^2)

Ẹ fa méjèèjì wá sí ìlà kẹrin, kí ẹ kọ ti èèkàn 4 síbẹ̀. Èèkàn 3 á bọ́ sí x 19.10, y 36.20. Èèkàn 4 á bọ́ sí x 0.60, y 36.70. Wàyí o, ẹ pe ẹlẹ́rìí wọlé nínú àpótí kan tó ṣófo:

=SQRT((E3-E4)^2+(F3-F4)^2)

Ó ní 18.50. Téèpù ní 18.52. Sẹ̀ǹtímítà 2 lórí ilẹ̀ tó gùn tó mítà 36, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ká ní ẹni tó ń ka téèpù wá pe 40.63 dípò 40.93 láàárín 1 sí 3 ńkọ́? Ẹ kọ ọ́ sí B3, kí ẹ wò ó. Àwòrán á ṣì jáde, igun mẹ́rin á pé, ojú lásán ò ní rí nǹkan kan sí i. Ṣùgbọ́n 3 sí 4 á di 17.83, ó ti fi sẹ̀ǹtímítà 69 yàtọ̀ sí ohun tí téèpù sọ. Ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà tí ẹnì kan ṣì kà ló bí mọ́kàndínláàádọ́rin yẹn. Láìsí ìwọ̀n kẹfà, ẹ ò bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ kọ́ ọ mọ́ ògiri.

Àpótí D yẹn ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń fẹsẹ̀ kọ. Ìwọ̀n méjì láti èèkàn méjì máa ń pàdé níbi méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún ìlà, ọ̀kan lósì, bí ojú ẹni àti ojú inú dígí. Téèpù ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, sọ́fúwià náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún un. Ẹni tó bá dúró ní èèkàn 1 tó kọjú sí èèkàn 2, ohun tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ gba 1, tọwọ́ ọ̀tún gba -1. Orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀n. Bó bá di alẹ́ tí ẹ bá ń rántí ẹ̀gbẹ́ tí igi obì wà, ẹ ti pẹ́.

Bí F bá kọ #NUM! dípò nọ́ńbà, tàbí tí Calc bá kọ Err:502, ohun tó ń wí ni pé òbìrìkìtì tí téèpù méjèèjì lè fà yí èèkàn wọn ká ò kan ara wọn rárá: téèpù méjèèjì kúrú jù láti pàdé, tàbí ọ̀kan gùn débi tó fi gbé èkejì mì. Ẹ má wá ọgbọ́n fún fọ́múlà. Ìwọ̀n kan ló ṣì, nínú mẹ́ta tí fọ́múlà ń lò: B1 àti méjì tó wà lórí ìlà náà.

Igun tó rí pẹlẹbẹ

Èyí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ ju àṣìkà lọ, torí kì í kọ #NUM!, kì í pariwo. Ẹ gbé èèkàn méjì kalẹ̀ pẹ̀lú mítà 10 láàárín wọn. Kí àmì tí ẹ fẹ́ gbé wà ní agbede méjì wọn gẹ́lẹ́, kó sì fi ìdajì mítà péré kúrò lórí ìlà. Téèpù méjèèjì á ka 5.025, y á sì jẹ́ 0.50. Ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà kan péré kún téèpù méjèèjì, kó di 5.035. Àmì yẹn á fò láti 0.50 lọ sí 0.59. Sẹ̀ǹtímítà 1 di 9. Kò sí ẹni tó ṣe ohun tó burú. Bí téèpù ṣe tẹ̀ díẹ̀ ti tó.

Òfin tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ibi tí téèpù méjèèjì ti pàdé lórí àmì, igun àárín wọn kò gbọ́dọ̀ dín ní dígíríì 30, kò sì gbọ́dọ̀ ju 150 lọ. 90 ni ọba. Nínú agboolé, èyí túmọ̀ sí pé kí ẹ má fi èèkàn méjì tó wà lẹ́bàá ògiri kan náà wọn ohun tó wà lára ògiri yẹn. Ẹ gbé èèkàn kẹta sí àárín àgbàlá, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀.

Nígbà tí àmì bá pọ̀: Solver

Fọ́múlà òkè yẹn dáa fún àmì bíi mẹ́wàá tí gbogbo wọn ti ara èèkàn méjì kan náà jáde. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ti ara àmì kan gbé òmíràn, tí ẹ tún ti ara ìyẹn gbé ẹ̀kẹta, àṣìṣe á máa bímọ, ọmọ á máa bí ọmọ. Ohun tí a nílò nígbà náà ni ohun tó máa kó gbogbo ìwọ̀n jọ lẹ́ẹ̀kan, tó máa wá ipò tí gbogbo wọn lè fara mọ́, tó máa pín ìyàtọ̀ kéékèèké káàkiri dípò kó dì í ru àmì tó kẹ́yìn.

Excel ní i nínú. Solver ni wọ́n ń pè é. File, Options, Add-ins lẹ ti máa tan án, á sì fara hàn lábẹ́ Data. Excel orí fóònù kò ní i, láptọ́ọ̀pù lẹ máa fi ṣe é.

Ẹ ṣe tábìlì méjì. Èkínní, A10 dé C20: orúkọ àmì, x, y. Ẹ fi ojú díwọ̀n x àti y látinú àwòrán ọwọ́ tí ẹ yà lórí ilẹ̀; kò pọn dandan kó péye, ṣùgbọ́n kí ohun tó wà lósì wà lósì. Èkejì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 30: A ni àmì tí a ti wọ̀n, B ni àmì tí a wọ̀n dé, C ni ohun tí téèpù sọ. D ni ohun tí àwòrán sọ:

D30: =SQRT((VLOOKUP(A30,$A$10:$C$20,2,0)-VLOOKUP(B30,$A$10:$C$20,2,0))^2+(VLOOKUP(A30,$A$10:$C$20,3,0)-VLOOKUP(B30,$A$10:$C$20,3,0))^2)
E30: =C30-D30

Ẹ fà á dé ìlà tó kẹ́yìn. Bó bá parí sí ìlà 60, ẹ kọ èyí sí F28: =SUMXMY2(C30:C60,D30:D60). Nọ́ńbà yẹn ni Solver máa fún mọ́lẹ̀. Set Objective ni F28, ẹ yan Min. By Changing Variable Cells ni gbogbo x àti y, àyàfi mẹ́ta: x àti y àmì àkọ́kọ́, àti y àmì kejì. Mẹ́ta yìí lẹ fi kan àwòrán mọ́lẹ̀ kó má baà máa yí káàkiri. 3 tí a yọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ yan GRG Nonlinear.

Kí ẹ tó tẹ Solve, ẹ wo àpótí kékeré tó wí pé Make Unconstrained Variables Non-Negative. Excel ti máàkì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo àmì tó yẹ kó wà lẹ́yìn òdo á to lọ bẹẹrẹ sórí ìlà òdo bí ẹyẹ lórí wáyà iná, ẹ óò sì máa bá téèpù jà lórí ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nínú Calc, Tools, Solver ló wà, ṣùgbọ́n èyí tó ń kọ́kọ́ gbé wá, ìṣirò tó lọ tààrà nìkan ló mọ̀, kò sì lè ṣe tiwa. Ẹ lọ sí Options, kí ẹ yan DEPS tàbí SCO. Kì í yára, èsì rẹ̀ sì lè yí díẹ̀ bí ẹ bá tún un ṣe. Ẹ tún un ṣe títí F28 á fi kọ̀ láti lọ sílẹ̀ mọ́.

Kọ́lọ́ọ̀mù E ni ẹ san owó fún. Pẹ̀lú téèpù àti ọwọ́ tó dúró, sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 ni kí ẹ máa rí níbẹ̀. Bí ẹ bá rí 0.31 níbì kan, tí 0.14 àti 0.11 wà láyìíká rẹ̀, ẹ má bínú sí gbogbo wọn. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ló sábà máa ń ba aládùúgbò rẹ̀ jẹ́, torí Solver ti pín ẹ̀bi rẹ̀ káàkiri. Ẹ yọ èyí tó ga jù kúrò nínú ìṣirò, kí ẹ tún Solver ṣe. Bí ìyókù bá rọlẹ̀ sí 0.01 àti 0.02, ẹ ti mú olè. Bí wọn ò bá rọlẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ yọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹ má yọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má sì máa yọ títí ẹ óò fi dé ibi tí kò ti sí ẹlẹ́rìí mọ́. E á kọ 0.00 dé ìsàlẹ̀, á dùn ún wò, kò sì ní ìtumọ̀ kankan.

Àwọn yòókù

GeoGebra wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ ni. Bí A bá jẹ́ èèkàn 1, tí B jẹ́ èèkàn 2, ẹ kọ Circle(A, 36.70), ẹ kọ Circle(B, 40.74), ẹ kọ Intersect, ó parí. Fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí, tàbí tó fẹ́ yẹ àmì márùn-ún wò lórí ilẹ̀ nígbà tí iná ò sí fún láptọ́ọ̀pù, kò sí èyí tó dà bí i rẹ̀. Bí àmì bá ti kọjá mẹ́wàá, òbìrìkìtì á gba ojú fóònù, ẹ ò ní mọ ti ta ni ti ta. Kò sì ń pín àṣìṣe.

AutoCAD àti LibreCAD ni àwọn tó ń ya plan ilé mọ̀ jù, ohun kan náà ni wọ́n sì ń ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n: ẹ fa òbìrìkìtì láti èèkàn kọ̀ọ̀kan, ẹ tan snap fún ibi ìpàdé, ẹ fi àmì síbẹ̀. Kí òbìrìkìtì wà ní layer tirẹ̀ kí ẹ lè pa á nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Ìyà tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń gbọ́ràn jù. Ìwọ̀n méjì tí ẹ fún un ló máa lò, ẹ̀kẹta á kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dá onígun mẹ́ta kékeré sílẹ̀ níbi tó yẹ kí àwọn mẹ́ta ti pàdé. Ojú onígun mẹ́ta yẹn ni kí ẹ máa wò. Bó bá tóbi ju ìbú ọmọ ìka ọwọ́ kan lọ lórí ilẹ̀ gidi, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi Excel wá ipò àmì, kí ẹ wá fi CAD ya ògiri, ilẹ̀kùn àti ohun tí ojú fẹ́ rí. LibreCAD ọ̀fẹ́ ni, DXF ni kí ẹ máa fi pamọ́.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, tó ju àmì ogún lọ, tí a sì máa fi èsì rẹ̀ jiyàn níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé, GNU Gama ni. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní ojú tó rẹwà. Ẹ kọ ìwọ̀n sínú fáìlì XML, ẹ pe gama-local, òun náà á kọ èsì fún yín. Ohun tó fi ju Solver lọ ni pé ó ń sọ bí ó ṣe dá ipò àmì kọ̀ọ̀kan lójú tó, àti apá ibi tí iyèméjì pọ̀ sí, ó sì ń fi àmì sí ìwọ̀n tó fura sí. Ẹ tún lè fún un ní igun, bó bá di ọjọ́ tí ẹ rí total station yá. Awalẹ̀pìtàn tó bá fẹ́ ohun tó ní bọ́tìnì, Site Recorder tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ abẹ́ omi ń ṣe irú ìṣirò kan náà.

Àwọn tó mọ R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, máa ń sáré sọ pé cmdscale. Ẹ ní sùúrù. Cmdscale fẹ́ kí ìwọ̀n láàárín gbogbo àmì pé pátápátá: àmì 10 ń fẹ́ 45, kò sì gba àlàfo. Ta ló máa fa téèpù nígbà 45 nínú oòrùn Ifẹ̀? Smacof, tó wà fún R náà, gba àlàfo bí ẹ bá fi 0 ṣe weight (ipá) ìwọ̀n tí kò sí, kì í ṣe gígùn rẹ̀. Àwòrán tó máa gbé jáde lè yí po tàbí kó dojú kodò bí ti inú dígí, ẹ̀yin lẹ máa yí i padà. Ẹni tó gbọ́ Python, scipy ní least_squares, ó ń ṣe iṣẹ́ Solver láìsí wàhálà àpótí. Neato tó wà nínú Graphviz náà lè gba gígùn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Eré lásán ni, ẹ fi wò ó kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ má fi ṣiṣẹ́.

Sọ́fúwià tí wọ́n fi ń ya inú ihò àpáta, bíi Survex, wà tí ẹ lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dáa, àmọ́ kọ́ńpáàsì ló ń gbọ́ pẹ̀lú téèpù. Ẹni tó ní ìwọ̀n téèpù nìkan, kó fi í sílẹ̀.

Ohun tí sọ́fúwià ò lè tún ṣe

Téèpù gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bíi ti Òkè Ìtasẹ̀, téèpù tó ka mítà 20 tí orí rẹ̀ fi mítà 2 ga ju ìdí rẹ̀ lọ, mítà 19.90 ló jẹ́ lórí ìwé. Sẹ̀ǹtímítà 10 ti lọ. Bí ìyàtọ̀ gíga bá jẹ́ mítà 1, sẹ̀ǹtímítà 2 àtààbọ̀ ni. Ẹ fi páìpù omi tó mọ́ gaara, irú tí bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ̀ẹ̀lì, wá ìyàtọ̀ gíga, kí ẹ kọ =SQRT(L^2-h^2) kí ẹ tó fún sọ́fúwià ní nǹkan kan. Tàbí kí ẹ na téèpù pẹrẹsẹ, kí ẹ sọ okùn tí irin so nídìí kalẹ̀ sórí èèkàn.

Téèpù tó bá tẹ̀ ní àárín máa ń ka ju bó ṣe yẹ lọ: mítà 20 tó fi sẹ̀ǹtímítà 30 tẹ̀ ti fi ohun tó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 kún un. Ẹ fà á le, ṣùgbọ́n téèpù oníke tí ẹ bá fà bí ẹni ń fa màlúù á na. Ti irin máa ń gùn nínú oòrùn, mítà 30 ní dígíríì 35 á fi nǹkan bíi mílímítà 5 gùn ju ti dígíríì 20 lọ. Ẹni tó ń wọn agboolé lè gbàgbé ìyẹn. Ẹ̀rọ léṣà péye, àmọ́ lọ́sàn-án gangan, ẹ ò ní rí ojú pupa rẹ̀ lára ògiri.

Àṣìkà tó wọ́pọ̀ kò ju mélòó kan lọ. Téèpù ní ojú méjì, mítà àti ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tó di ìdí kejì mú lè máa ka 50 fún ohun tó jẹ́ mítà 15.24. Òdo àwọn téèpù kan wà lẹ́nu òrùka gan-an, ti òmíràn wà níwájú díẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì pààrọ̀ téèpù láàárín iṣẹ́. 6 àti 9 ń pààrọ̀ ara wọn bí téèpù bá dojú kodò. Kí ẹni tó ń kọ ọ́ máa pe nọ́ńbà padà fún ẹni tó ń kà á, ní ohùn rara.

Gbígbé e sórí máàpù

QGIS, sọ́fúwià máàpù, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dáa, ṣùgbọ́n kì í wá ipò àmì látinú ìwọ̀n téèpù. Ipò tí ẹ ti wá ló ń gbé sórí ayé. Ẹni tó bá dojú rú fún ní Ifẹ̀ ò jìnnà sí ibi tí a ti lè béèrè: ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàmáàpù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 lórúkọ RECTAS, tó ń jẹ́ AFRIGIST báyìí, inú ọgbà OAU ló wà.

Ẹ nílò àmì méjì tí ẹ mọ ipò wọn gidi. Ẹ má lo GPS fóònù lórí èèkàn tó fi mítà 18 jìnnà síra: bí ọ̀kan bá fi mítà 5 ṣì, gbogbo agboolé lè yí tó dígíríì 15. Òpó sọ́fè ló dáa jù, torí a máa ń rí easting (nọ́ńbà ipò ìhà ìlà-oòrùn) àti northing (ti ìhà àríwá) rẹ̀ lórí ìwé sọ́fè. Ẹ kọ́kọ́ fi ìjìnnà tó wà lórí ìwé wé ti téèpù yín. Bí easting àti northing èèkàn 1 bá wà ní H1 àti I1, ti èèkàn 2 ní H2 àti I2, ẹ kọ igun sí J1: =ATAN2(H2-H1,I2-I1). Lẹ́yìn náà, fún àmì kọ̀ọ̀kan:

=$H$1+E3*COS($J$1)-F3*SIN($J$1)
=$I$1+E3*SIN($J$1)+F3*COS($J$1)

Excel àti Calc ń fẹ́ x ṣáájú y nínú ATAN2. Python ń fẹ́ y ṣáájú. Ẹni tó bá gbé fọ́múlà láti ọ̀kan sí èkejì láìwò, ilé rẹ̀ á kọjú sí ibòmíràn.

Ẹ fi í pamọ́ bíi CSV, kí ẹ pè é láti Add Delimited Text Layer. Lórí CRS, ìyẹn ètò tí nọ́ńbà ipò yín ń tẹ̀ lé, ni kí ẹ ti dúró. Ìwé sọ́fè tó bá kọ Minna UTM zone 31, kóòdù CRS rẹ̀ ni EPSG:26331. Èyí tó bá lo West Belt, 26391 ni. Ti GPS tuntun, WGS 84, 32631 ni. Bí ẹ bá pe Minna ní WGS 84, àwòrán á ṣì jókòó sí Ifẹ̀, àmọ́ á ti bọ́ sórí òrùlé ẹlòmíràn lọ́nà jíjìn. Ẹ tan àwòrán sátẹ́láìtì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá igun ilé kan tí ẹ wọ̀n tí páànù rẹ̀ hàn kedere. Bí àmì bá jìnnà sí i, CRS ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwọ̀n. Bí gbogbo rẹ̀ bá dojú kodò bí ti inú dígí, ẹ padà sí kọ́lọ́ọ̀mù D, níbi tí ẹ ti kọ 1 tàbí -1.